Ẹkùn Tí A Kò Pa: Bí Ọdẹ Ṣe Di Òǹwòran

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú igbó àti odò tí ó yí ìlú Ẹ̀pẹ́ ká, ọjà Olúwo ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ti Ìkòròdú wá, yóò gba Ìtòkín kọjá, ọ̀sà yóò wà ní apá ọ̀tún rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, títí yóò fi dé ààrin àwọn obìnrin tí ń ta ẹja tútù àti ẹja yíyan. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́. Ọ̀yà wà níbẹ̀, òkété wà níbẹ̀, ẹtu àti ìgalà kò sì wọ́n. Nígbà mìíràn a ó rí ọmọ ọ̀nì tí a fi okùn dì lẹ́nu. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, akika, ẹranko onípẹ́ tí ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Olùkọ́ tí ó bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lè fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko inú àlọ́ hàn wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àbùkù kan ni ó wà níbẹ̀: òkú ni ó pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí ó sì wà láàyè, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní ṣú bá a.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò nínú ètò yìí ni ti àwọn ènìyàn tí ń ná owó, tí wọ́n sì ń rin ìrìn-àjò jíjìn, láti lọ wo ẹranko ìgbẹ́ láàyè, tí wọn kì í sì í mú ohunkóhun bọ̀ ju àwòrán lọ. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹkùn abilà ni wọ́n ń lọ wò. Lójú àgbà ọdẹ ayé àtijọ́, irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ì bá jọ ti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ta ni yóò bá ẹkùn pàdé tí yóò sì padà sílé láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kú? Síbẹ̀, ìṣe náà ní ìtàn, ìtàn náà sì kan Ẹ̀pẹ́ àti àgbègbè rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí àríyànjiyàn púpọ̀ ni ó máa ń tibẹ̀ wá nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀, tí a fi ń ki ọba àti akọni, ara rẹ̀ rí tó-tò-tó ni. Ẹranko yìí wà ní Áfíríkà, ó sì wà ní Íńdíà pẹ̀lú. Ẹranko kejì ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tiger. Ilà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ ni ó wà lára rẹ̀, kò sì sí igbó kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó jẹ́ ibùgbé rẹ̀. Akọ rẹ̀ tí ó bá dàgbà lè wọ̀n ju 200 kìlógíráàmù lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ẹkùn tiwa lọ dáadáa. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹranko abilà yìí pàdé nínú ìwé òyìnbó, ẹkùn ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn wá ń pe ẹkùn tiwa gan-an ní àmọ̀tẹ́kùn, kí ìyàtọ̀ lè wà. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe gba orúkọ mọ́ onílé lọ́wọ́. Nínú àròkọ yìí, a ó dá orúkọ náà padà fún ẹni tí ó ni ín: ẹkùn ni tiwa, ẹkùn abilà ni ti Íńdíà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà gbé ẹ̀ṣọ́ aláàbò kan kalẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àmọ̀tẹ́kùn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó pàtẹ́wọ́, ẹni mélòó ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹkùn nínú igbó rí? Ẹranko náà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwòrán lára aṣọ. Ní ti ẹkùn abilà, ọmọ Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ tí ó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n, nínú sinimá Íńdíà tàbí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti rí i. Láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ilé wa ti di ibi tí kìnnìún àti ẹkùn abilà ti lè bá ènìyàn jẹun alẹ́ pọ̀. Ọmọ Ìkòròdú kan náà, Olóyè T. O. S. Benson, ni ó sì jẹ́ mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìròyìn nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960.

Ní ayé àtijọ́, rírí ẹkùn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá kiri. Bí ọdẹ bá pa á, kò lè dá a ní. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ààfin ni wọ́n ń gbé e lọ, awọ rẹ̀ a sì di ti ọba. Ní Bìní, bí ọdẹ bá pa erin, eyín kan jẹ́ ti Ọba láìsí àríyànjiyàn. Iyì ẹranko wà nínú ìbẹ̀rù rẹ̀, bí àwọn àgbà ti wí pé bí ẹkùn kò bá fẹ̀, èse ni à ń pè é. Kì í sì í ṣe gbogbo igbó ni ọdẹ lè wọ̀. Igbó orò wà, igbó ìgbàlẹ̀ wà, àwọn odò kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹja inú wọn. Àwọn kan lónìí a máa fi èyí ṣe ẹ̀rí pé àwọn baba wa ti ń dáàbò bo ẹranko kí òyìnbó tó dé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí àwọn irúnmọlẹ̀ ni wọ́n ṣe dá igbó sí. Ẹranko kàn jẹ nínú àǹfààní rẹ̀ ni. Nígbà tí D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, igbó tí ó fi han àwọn òǹkàwé rẹ̀ jẹ́ ibi tí akọni ń lọ fún ìdánwò. Kò sí ẹni tí ó lọ síbẹ̀ láti gbafẹ́.

Àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi òfin ya ẹranko sọ́tọ̀ nítorí ẹranko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wọn kò mọ́ tó bí wọ́n ti ń sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1900, àwọn ìjọba Yúróòpù tí wọ́n ti pín Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ pàdé ní London, wọ́n sì bu ọwọ́ lu àdéhùn kan lórí ẹranko ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà kankan kò sí ní ìjókòó náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹranko tí ó yẹ kí a dá sí, wọ́n sì tún kọ orúkọ àwọn tí ó yẹ kí a dín kù. Kìnnìún, ìkookò àti ẹkùn wà nínú àwọn tí ó yẹ kí a dín kù! Lójú àwọn tí ó kọ ìwé náà, olè ni ẹkùn, nítorí pé ó ń jẹ ẹran tí òyìnbó ọdẹ fẹ́ yìnbọn pa. Àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ wọ inú òfin ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Láti ìgbà náà lọ ni ọdẹ ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé òun ń jalè nínú igbó baba òun.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi gẹdú ni ó jẹ ìjọba lógún ju ẹranko lọ. Igbó tí a mọ̀ sí Omo lónìí, ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sì jìnnà púpọ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ti wà lára igbó ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1925. Erin wà níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó ka erin náà sí nǹkan kan nínú ìṣírò igi.

Íńdíà ni ó yẹ kí a yà sí báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ìyípadà láti orí ìbọn dé orí àwòrán ti hàn jù. Àwọn ọba Íńdíà àti àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì a máa jókòó sí ẹ̀yìn erin tàbí sórí pèpéle inú igi, àwọn ará abúlé a máa lu igbó láti ìhà kejì, pẹ̀lú ariwo àti ìlù, títí ẹkùn abilà yóò fi sáré jáde sí iwájú ìbọn. Kì í ṣe ọdẹ ni ìyẹn lójú ọdẹ tiwa. Ìpànìyàn ni yóò pè é bí ẹkùn bá jẹ́ ènìyàn. Awọ ẹkùn abilà mélòó ni ó wà lórí ilẹ̀ ààfin àti ilé òyìnbó kò lóǹkà.

Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jim Corbett, tí a bí ní Nainital ní 1875, ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí ẹkùn abilà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn. Ní 1907 ó pa abo ẹkùn kan ní Champawat, èyí tí wọ́n sọ pé ó ti pa ènìyàn 436. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí iye yìí kí ó tó máa sọ̀rọ̀ nípa ẹwà ẹkùn abilà. Àwọn tí ó kú náà, obìnrin tí ń ṣẹ́ igi àti àwọn tí ń gé koríko fún màlúù ni ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí ó ṣe, Corbett fúnra rẹ̀ gbé ìbọn tì, ó mú ẹ̀rọ ayàwòrán, ó sì ń kìlọ̀ pé ẹkùn abilà yóò tán. Ní 1936 ni ìjọba dá ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Íńdíà ní agbègbè tí ó mọ̀ dáadáa. Hailey, orúkọ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é. Lẹ́yìn tí Corbett kú ní 1955 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀.

Kí á tó kúrò lórí àwọn ọdún wọ̀nyí, ó yẹ kí a rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ ẹkùn abilà láti 1943 lọ. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin ni wọ́n wà, tí wọ́n kọjá láti Íńdíà wọ inú igbó Bóòmà, tí wọ́n ń ru ẹrù lórí ní ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ìbọn àwọn ará Japan ni wọ́n lọ bá pàdé. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé ìwọlé láti wo ẹranko.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, Ọbabìnrin Elizabeth àti ọkọ rẹ̀, Philip, ṣe àbẹ̀wò sí Jaipur. Wọ́n mú wọn lọ sí igbó Ranthambore, tí í ṣe igbó ọdẹ àwọn ọba Jaipur, Philip sì yìnbọn pa ẹkùn abilà kan. Àwọn oníwèé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bú u gan-an. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé WWF sílẹ̀ láti gba owó jọ fún ẹranko ìgbẹ́, Philip sì wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1981 ó di ààrẹ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe yí padà gan-an nìyẹn: ọwọ́ kan náà ni ó gbé ìbọn, tí ó sì tún gbé àpótí ọrẹ.

Ní 1972, nígbà tí wọ́n ka ẹkùn abilà ní gbogbo Íńdíà, 1,827 péré ni wọ́n rí. Ní ọdún náà ni ìjọba Indira Gandhi ṣe òfin ààbò ẹranko ìgbẹ́, ní oṣù kẹrin ọdún 1973 sì ni ètò pàtàkì fún ẹkùn abilà bẹ̀rẹ̀ nínú igbó mẹ́sàn-án. Ranthambore wà lára wọn. Igbó tí ọba ti ń pa ẹkùn di ibi tí akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò lè san owó wọ̀ láti wò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó? Jíìpù tí kò ní òrùlé ni wọ́n ń wọ̀, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ní ọ̀sán tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, nítorí pé ẹkùn kì í fẹ́ràn ooru ọ̀sán gangan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Afinimọ̀nà yóò máa wo ilẹ̀ iyanrìn títí yóò fi rí ojú ẹsẹ̀. Yóò wò ó bóyá etí rẹ̀ ṣì dá ṣáká tàbí kòkòrò ti rìn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò ní kí awakọ̀ pa ẹ̀rọ, wọn yóò sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń retí ni igbe. Bí ọ̀bọ tí ó wà lókè igi bá gbó lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn àgbọ̀nrín tí ń jẹko sì gbé orí sókè, tí gbogbo wọn kọ ojú sí ọ̀gangan kan ṣoṣo, ẹkùn ti ń rìn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òǹwòran máa ń padà láìrí i rárá. Bí ó bá sì jáde, kò ní wo ẹnikẹ́ni lójú. Yóò kọjá lójú ọ̀nà bí onílé tí ń gba ààrin àgbàlá rẹ̀ kọjá, koríko yóò sì pa dé e mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọdẹ yóò rí i pé ẹ̀kọ́ ọdẹ ni gbogbo èyí. Kíka ojú ẹsẹ̀, gbígbọ́ èdè ẹyẹ àti ọ̀bọ, mímọ ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kò sí èyí tí ọdẹ Ìjẹ̀bú tàbí ti Òkè-Ògùn kò mọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ohun tí a óò ṣe nígbà tí ẹranko bá yọjú.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹwà yìí bo ohun méjì mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n kó ènìyàn kúrò. Ní Kanha, àwọn ará Baiga àti Gond tí wọ́n ti ń gbé inú igbó láti ayébáyé ni wọ́n ní kí wọ́n fi abúlé wọn sílẹ̀. Ní Ranthambore náà, wọ́n kó àwọn abúlé jáde. Ìkejì ni pé odi àti òfin nìkan kò tó. Ní 2005, ó hàn gbangba pé kò sí ẹkùn abilà kan ṣoṣo mọ́ ní igbó Sariska, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn olè ọdẹ ti pa gbogbo wọn tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Ní 2008 ni wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé ẹkùn abilà láti Ranthambore lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìtìjú yìí ni wọ́n tún ètò náà ṣe. Iye tí wọ́n ṣírò ní 2006 jẹ́ 1,411. Ti ọdún 2022 kò dín ní 3,167.

Ní Nàìjíríà, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Bauchi. Wọ́n ní Alhaji Muhammadu Ngileruma, mínísítà fún ètò ọ̀gbìn ní Àríwá, rí ọgbà ẹranko kan ní ilẹ̀ Sùdáànì nígbà tí ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó sì wù ú kí irú rẹ̀ wà nílé. Èyí dára láti mọ̀, nítorí ọ̀nà Hájì ni èrò náà gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà London nìkan. Ìjọba Àríwá fi ọwọ́ sí i ní 1956, wọ́n sì ṣí Yankari fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1962. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó. Erin, ẹfọ̀n, erinmi, kìnnìún àti onírúurú ẹtu wà níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Wikki sì wà tí àwọn àlejò ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ kò gbàgbé àwọn ìnàkí rẹ̀, tí wọ́n máa ń wọ yàrá àlejò láti jí búrẹ́dì gbé. Ní 1991 Yankari di ti ìjọba àpapọ̀. Ní 2006 ó padà sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n ti ya igbó Borgu sọ́tọ̀ ní 1962 àti Zugurma lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìdídò Kàínjì parí ní 1968, omi bo ìlú Bussa àtijọ́, nǹkan bí 44,000 ènìyàn sì ṣí kúrò ní ibùgbé wọn. Ní 1979 ni igbó méjèèjì para pọ̀ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ti ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Lẹ́yìn tí ìlú náà tú ní nǹkan bí 1835, tí Àtìbà sì tẹ olú-ìlú tuntun dó ní Àgó-Ọ̀jà, igbó gba ibi tí ààfin wà. Ọba kúrò, ẹfọ̀n àti ìgalà dé. Ìjọba ya igbó Òkè Ògùn sọ́tọ̀ ní 1936 àti ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ wọ́n di igbó ẹranko, ní 1991 wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Kò sí irú rẹ̀ ní Íńdíà tí ó kan ọmọ Yorùbá tó báyìí: òǹwòran tí ó wọ ibẹ̀ lè máa wá ẹtu, kí ó sì fi ẹsẹ̀ kọ odi ìlú Aláàfin. Àwọn awalẹ̀pìtàn bí Babátúndé Agbájé-Williams ti rìn ín, wọ́n sì ti wọn odi náà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀nà kò dára, ẹ̀rù àwọn ajínigbé sì ti wọ ọkàn ènìyàn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé gbè wá pàápàá, ní igbó Pendjari, wọ́n jí àlejò gbé ní 2019, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn.

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé ibi mẹ́rin péré ni kìnnìún kù sí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yankari àti Kàínjì sì jẹ́ méjì nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn kò tó 250. Ohun tí ojú Sariska rí kò jìnnà sí wa rárá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Ẹ̀pẹ́ ti wọ inú ìtàn. Olóyè Shafi Lawal Edu, tí a bí ní Ẹ̀pẹ́ ní 1911, jẹ́ oníṣòwò ńlá, ó sì ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó. Ní 1980, nígbà tí ó ti tó ẹni tí ó lè jókòó kí ó máa jẹ ìfẹ́ ilé rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó àti ẹranko Nàìjíríà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1985, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó ka pípa erin, ẹkùn àti àwọn ẹranko mìíràn tí ó ń tán lọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ Edu ṣí ọgbà Lekki, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ 78 hẹ́kítà. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, awọ́nríwọ́n wà níbẹ̀. Ní 2015 wọ́n ṣe afárá sí òkè igi, tí gígùn rẹ̀ tó 401 mítà, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn ju ẹranko lọ. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ láti wo ẹkùn yóò padà lófo. Nígbà tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀, ẹrẹ̀ àti igbó ni ó yí i ká. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó yí i ká nísinsìnyí. Edu kú ní 2002.

Ẹranko ńlá tí ó kù fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́ láti wò láìrìn jìnnà ni erin igbó Omo. UNESCO ti ka igbó náà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ohun ẹlẹ́mìí (biosphere reserve) ní 1977, ẹgbẹ́ tí Edu dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń ṣọ́ erin náà. Wọn kò tó 100. Àwọn àgékù igi, oko kòkó àti àgọ́ àwọn agbégilódò ti jẹ igbó náà wọnú, erin sì ń wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ní 2021, àwọn àgbẹ̀ ìhà Ìtaṣìn àti Ìmọ̀bí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ibi tí ó bá àgbègbè Ẹ̀pẹ́ pààlà, ké gbàjarè pé erin ti wọ oko àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi dá wọn lójú pé lóòótọ́ ni, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn sí wọn.

Ìkìlọ̀ náà tọ̀nà lábẹ́ òfin. Ní Íńdíà, bí ẹkùn abilà bá pa màlúù ẹnìkan, ìjọba a máa san owó gbà-má-bínú fún un, bí owó náà tilẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Àgbẹ̀ ní Ìmọ̀bí lè bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá wo erin léèrè pé, nínú owó ìwọlé tí ó san, èló ni ti òun? Òun ni ó ń dá iná yí oko ká ní òru, òun ni ó ń lu agolo. Ní òwúrọ̀ yóò lọ wo ilẹ̀ àkùrọ̀, yóò sì rí ojú ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ ju ojú àtẹ lọ, tí omi ti sun sí ìdí rẹ̀. Yóò wò ó bóyá etí rẹ̀ ṣì dá ṣáká.